Rọ́bọ́ọ̀tì, ìwọ̀fà onírin tàbí awòyeṣe: èrò mi lórí orúkọ ẹ̀rọ yìí

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi nínú ìjíròrò yìí, mo kí yín. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni ohun tí a ó máa pe ẹ̀rọ tí Òyìnbó ń pè ní "robot" ní èdè Yorùbá, orúkọ mẹ́ta ni a sì ti dábàá. Àwọn kan ní kí a kọ ọ́ ní rọ́bọ́ọ̀tì, kí a sì máa bá tiwa lọ. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń kọ́ni ní èdè Yorùbá ní Ìkọ̀lé dábàá "ìwọ̀fà onírin". Àwọn tó kù fara mọ́ "adáṣiṣẹ́". Kíkọ ètò kọ̀ǹpútà ni iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun ní Adó-Èkìtì, ẹ̀rọ tó ń rìn tó sì ń gbé nǹkan ni ó sì gba ọkàn mi láti ìgbà tí mo ti ń tú rédíò àwọn ará ilé wa palẹ̀ ní Ìkéré. Ọ̀rọ̀ yìí kò lè kọjá kí n má sọ tẹnu mi.

Mo mọ ibi tí ẹ̀gbọ́n wa ti mú ìwọ̀fà wá. Inú eré orí ìtàgé tí Karel Čapek, òǹkọ̀wé ará Czech, kọ ní 1920 ni a ti kọ́kọ́ rí ọ̀rọ̀ náà, "robot". Josef ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó fà á lé e lọ́wọ́, láti ara "robota", iṣẹ́ tí àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ wọn gbọ́dọ̀ ṣe fún onílẹ̀ láìgba owó. Ẹni tó bá gbé ìyẹn sí ẹ̀gbẹ́ ìwọ̀fà, tó ń fi iṣẹ́ ara rẹ̀ dí èlé owó tí wọ́n yá, yóò rí i pé wọn kò jìnnà síra. Ṣùgbọ́n ìwọ̀fà ní ilé, ó ní ẹbí tí gbèsè náà kàn, ọjọ́ tí wọ́n bá sì san owó olówó tán ni yóò padà sílé. Èwo nínú èyí ni ó kan ẹ̀rọ? "Onírin" pàápàá kò bá ìtàn náà mu, nítorí pé àwọn rọ́bọ́ọ̀tì inú eré Čapek kì í ṣe irin; ohun tó dà bí ẹran ara ni wọ́n fi mọ wọ́n. Nígbà tí àwọn èèyàn wa sọ ẹ̀rọ lórúkọ ní amúnáwá àti amúlétutù, ohun tí ó ń ṣe lójú wọn ni wọ́n wò, wọn kò béèrè ibi tí elédè mìíràn ti rí orúkọ tirẹ̀.

Adáṣiṣẹ́ súnmọ́ ọn, ṣùgbọ́n ó fẹ̀ jù. Fáànù tí a ti tàn ń dá ṣiṣẹ́, amúnáwá náà ń dá ṣiṣẹ́ títí epo yóò fi tán, kò sì sí ẹni tí yóò pè wọ́n ní rọ́bọ́ọ̀tì.

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹ̀rọ kékeré kan tí mo kàn ṣe àpẹẹrẹ. Gbogbo ẹni tó ń sá kòkó ní Èkìtì ni ó mọ ohun tí òjò lè fojú ẹni rí: kòkó tó ti ń gbẹ bọ̀, bí ó bá tún rin gbingbin, kò ní pẹ́ tí yóò fi bu. Ẹ̀rọ mi ń fa tapólì bo kòkó bí òjò bá bẹ̀rẹ̀. Pátákó pẹlẹbẹ kan wà lórí rẹ̀, tí a to bàbà tín-ín-rín sí lára láìjẹ́ kí wọ́n kan ara wọn. Bí omi bá kán sí àárín wọn, iná yóò gba inú omi náà kọjá, ẹ̀rọ yóò sì mọ̀ pé omi dé. Àmọ́ ìrì ìdájí náà, omi ni. Bí ẹ̀rọ bá ń fa tapólì kìkì nítorí pé omi kàn án, yóò máa bo kòkó ní òwúrọ̀ láìsí òjò. Nítorí náà ni ètò inú rẹ̀ fi ń dúró díẹ̀, tí ó ń wo bí omi náà ṣe ń pọ̀ sí i, nítorí pé díẹ̀díẹ̀ ni ìrì ń sẹ̀, òjò a sì máa dé lójijì. Lẹ́yìn èyí ni yóò tó pinnu.

Yorùbá ń pe irú ìwà yẹn ní wíwòye: a rí nǹkan, a gbé e yẹ̀ wò, kí a tó ṣe ohun tí a óò ṣe. Ìdí nìyí tí mo fi dábàá "ẹ̀rọ awòyeṣe". Bí ẹnikẹ́ni bá ní ẹ̀rọ kò lọ́kàn tí yóò fi wòye, asọ̀rọ̀mágbèsì náà kò lẹ́nu. Ó tún dùn mọ́ mi pé "a" ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, nítorí pé àwa ará Èkìtì, tí ilé ń di ulé lẹ́nu wa, kò ní yí i padà.

Àwọn kan nínú ìjíròrò yìí tún ní kí a máa pe iṣẹ́ wa, kíkọ ètò, ní "pípàṣẹ fún ẹ̀rọ". N kò gbà. Ìlà kan ni àṣẹ. Ètò ni bí a ṣe to àwọn àṣẹ tí wọ́n fi gbé ara wọn ró. Lórí Arduino Uno, pátákó kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí ẹ̀rọ kòkó yìí, apá kan ètò ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, apá kejì ń yí po títí iná yóò fi kú, ohun tó sì ń gba àkókò mi jù ni ríronú ohun tó lè ṣẹlẹ̀: bí tapólì bá há ńkọ́, bí okùn bá já ńkọ́? Kìlóbáìtì 2 péré ni àyè ìrántí tí ètò fi ń ṣiṣẹ́ lórí pátákó yẹn. Python, èdè tí a fi ń kọ ètò tí Guido van Rossum gbé jáde ní 1991, ni mo fẹ́ràn láti fi kọ́ ọmọdé, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kan ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ sá fún èdè C, nítorí ibẹ̀ ni yóò ti mọ ibi tí nǹkan kọ̀ọ̀kan ń gbé nínú ìrántí ẹ̀rọ.

Ní ti "kòkòrò" fún àṣìṣe inú ètò, èyí tí Òyìnbó ń pè ní "bug", mo fara mọ́ ọn, ẹ̀dà Òyìnbó ni o, kì í ṣe ẹ̀dà Òyìnbó ni o. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Inú ohun tí a fọwọ́ ara wa kọ ni àṣìṣe ti ń jẹ ètò.

Ẹ̀yà tó ń gba ìròyìn wọlé, irú pátákó oníbàbà yẹn, "alóre" ni mo fẹ́ kí a pè é. Ibi gíga ni ìlú ń fi alóre sí kí ó máa wo ọ̀nà, kí ó sì ké sí àwọn ará ilé; òun kọ́ ni yóò pinnu ohun tí ìlú yóò ṣe. Ẹ̀yà tó ń fi iná yí kẹ̀kẹ́ ẹ̀rọ, tí Òyìnbó ń pè ní "motor", ni kò tíì ní orúkọ tó tẹ́ mi lọ́rùn, nítorí pé mọ́tò ti di ti ọkọ̀ lẹ́nu gbogbo wa. Àwọn tó ń tún wáyà inú fáànù àti ẹ̀rọ ìlọta wé ní Adó àti Ìkéré ń fọwọ́ kan nǹkan yìí lójoojúmọ́. Kí a tó dá ọ̀rọ̀ mìíràn sílẹ̀, mo bẹ ẹnikẹ́ni tó bá súnmọ́ wọn kí ó béèrè ohun tí wọ́n ń pè é láàárín ara wọn, kí ó sì mú un wá fún wa.