Kí ló fà á tí kókó òwú mi fi ń yọ́ wọ ẹ̀yìn aṣọ?

Ẹ̀yin àgbà nínú iṣẹ́ abẹ́rẹ́, mo kí yín o. Òṣogbo ni mo ń gbé, mo sì ń kọ́ bí a ṣe ń fi ọwọ́ kó ọnà sára aṣọ, nítorí pé mo fẹ́ fi kókó òwú kéékèèké ṣe àárín òdòdó sí ọrùn bùbá àdìrẹ tí ìyá mi yóò wọ̀ lọ síbi ọdún Ọ̀ṣun ní oṣù kẹjọ. Rírán tó jọ ẹ̀wọ̀n ti mọ́ mi lọ́wọ́. Kókó yìí ló ń dà mí láàmú. Bí mo bá fa abẹ́rẹ́ yọ síwájú, tí mo wé òwú mọ́ ọn lẹ́ẹ̀mejì, tí mo sì gún un padà sójú ihò kan náà, ńṣe ni gbogbo rẹ̀ máa ń yọ́ wọ ẹ̀yìn. Èyí tó bá dúró á tú bí irun tí a kò dì le. Mo ń fi òrùka igi fa aṣọ náà le o. Ṣé ẹ̀gbẹ́ ihò àkọ́kọ́ ló yẹ kí n gún ni? Báwo ni ẹ ṣe ń di òwú mú títí abẹ́rẹ́ yóò fi kọjá? Ẹ jọ̀wọ́, n kò fẹ́ tún un tú mọ́, nítorí pé ihò tí abẹ́rẹ́ dá ti ń hàn lára aṣọ náà.