Solver mi kò dúró lórí èsì kan: ọ̀pá gáàsì oníbùdó márùn-ún

Ìbéèrè
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Oṣù méjì rèé tí èmi àti ọ̀pá gáàsì kan ti ń wọ̀yá ìjà. Ó gùn gbọọrọ, kò yà síbì kankan. Ibùdó kọ̀mpírẹ́sọ̀ (ẹ̀rọ tó ń fún gáàsì pọ̀ kó lè máa lọ) márùn-ún ló wà lórí rẹ̀, ẹ̀rọ méjì-méjì ní ibùdó kọ̀ọ̀kan, àlàfo àárín wọn sì dọ́gba. Gáàsì ń wọlé ní 50 bar (bar ni a fi ń wọn ìfúnpá), kò sì gbọdọ̀ dé òpin pẹ̀lú ohun tó kéré sí 50. Bí mo bá fi 60 ránṣẹ́ láti ibùdó kan, 50 ló ń dé èkejì. Inú ọ̀pá yẹn náà ni àwọn ẹ̀rọ ti ń bu gáàsì tí wọ́n ń jó, ìyẹn ni mo fẹ́ dín kù. Mo da ìfúnpá, ìyára ẹ̀rọ, títàn àti pípa pọ̀ sínú solver, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó ń wá èsì tó dára jù. Bí mo bá ti yí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ padà, èsì á yí. Lánàá ó ní 60 ni kí ibùdó kìíní máa tì jáde; lónìí ó ní 70. Èwo ni kí n gbà?

Èsì 1
Àbúrò, bí ọ̀pá rẹ bá lè gba 70 láìséwu, 70 ni. Gbé solver sílẹ̀ ná, mú bírò. Bí iye gáàsì tó ń kọjá kò bá yí padà, kì í ṣe bar tó sọnù lójú ọ̀nà ló ń dúró sójú kan. Fi ìfúnpá kọ̀ọ̀kan sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, kí o tó yọ ọ̀kan nínú èkejì: 3,600 yọ 2,500 ku 1,100. Iye yìí ni kì í yẹ̀. Nítorí náà, láti 70, 4,900 yọ 1,100 ku 3,800, ìyẹn bíi 61.6 bar. Láti 50 padà sí 60, ìlọ́po 1.2 ni, láti 61.6 padà sí 70, bíi 1.14 péré. Ìlọ́po yẹn ló ń jẹ epo. Gáàsì tó fún pọ̀ kì í sáré nínú ọ̀pá, kì í sì í fi ara họ ògiri rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ibùdó kìíní nìkan ni yóò jìyà díẹ̀, torí 1.4 ló máa gbé.

Ní ti solver, kòtò àti gegele ló kún inú ìṣòro yìí; inú kòtò àkọ́kọ́ tó bá já sí ló ń jókòó sí. Lo dynamic programming, bí Wong àti Larson ti ṣe lọ́dún 1968: bẹ̀rẹ̀ láti òpin, kí o máa bọ̀ sẹ́yìn, kí o tọ́jú ọ̀nà tó jẹ epo kéré jù fún ìfúnpá kọ̀ọ̀kan ní ibùdó kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pá tó lọ tààrà ló bá a mu gan-an. Tó bá jẹ́ èyí tó lọ́ yípo ni, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀.

Èsì 2
Ẹ má gbàgbé surge o, ìyẹn kí gáàsì máa ta padà sẹ́yìn nínú ẹ̀rọ nígbà tí èyí tó ń kọjá bá kéré jù. Bí ẹ̀rọ méjì bá ń pín gáàsì tí kò tó nǹkan, fáàfù ààbò á ṣí, gáàsì tí ẹ ti jó epo lé lórí á tún padà sẹ́nu ẹ̀rọ. Ẹ pa ọ̀kan.

Olùbéèrè
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. Mo ṣe é lálẹ́ àná. Ibùdó kẹrin fi 70 ránṣẹ́, 61.6 ló dé ìkarùn-ún. Gáàsì kọjá níbẹ̀ láìsí ẹ̀rọ kankan tó ń ṣiṣẹ́, ó sì dé òpin ní bíi 52 bar! Ibùdó kan odindi wà ní pípa. Ẹ jọ̀ọ́, lóru tí àwọn oníbàárà kì í fa gáàsì púpọ̀, ṣé mo lè fi inú ọ̀pá pa gáàsì mọ́ de àárọ̀?

Èsì 1
O lè ṣe é, ṣùgbọ́n ìṣirò yìí kò mọ wákàtí. Èyí tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde kò ní dọ́gba mọ́, o gbọ́dọ̀ máa ka èyí tó wà nínú ọ̀pá láti wákàtí dé wákàtí. Kọ iye tí wọ́n ń fà ní wákàtí kọ̀ọ̀kan síbí, ká jọ wò ó.