Ìwé iṣẹ́ sójà bàbá ìyàwó mi

Aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ni ìyàwó mi, Alabama ni wọ́n ti bí bàbá rẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ kí i, tó sáré fà mí dìde, ni mo ti ń pè é ní Bàbá. Ọdún mẹ́wàá ló fi ṣe sójà, 1943 sí 1953, kì í sì í fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.

Àfi tó bá kan ọ̀rọ̀ ọkọ̀. Lóṣù Kẹjọ ọdún 1944, bí ọmọ ogun Amẹ́ríkà ṣe ń lé àwọn ará Jámánì kúrò nílẹ̀ Faransé, epo kò tètè bá wọn mọ́. Wọ́n wá kó lọ́rì jọ, wọ́n pè é ní Red Ball Express. Bí awakọ̀ mẹ́rin bá wà níbẹ̀, mẹ́ta á jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Bàbá wà lára wọn. Kẹ́ẹ̀gì onírin tó kún fún bẹntiróòlù ló wà lẹ́yìn rẹ̀ ní gbogbo òru, kò sì gbọdọ̀ tan iná ọkọ̀, àyàfi iná tín-ín-rín kan bí ojú ológbò, kí bàálù ọ̀tá má baà rí i. Ó ní oorun ba òun lẹ́rù ju ìbọn lọ. Dọ́là 50 lowó oṣù kúrúùtù nígbà náà. Ó padà délé tòun ti aṣọ sójà lọ́rùn, ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì ni wọ́n ní kó lọ jókòó. Tó bá sọ ọ́ débẹ̀, á dákẹ́.

Ààrẹ Truman pàṣẹ ní 1948 pé kí wọ́n má ya dúdú sọ́tọ̀ mọ́ nínú iṣẹ́ ológun. Kòríà ni Bàbá wà, ní 1951, kí òun àti òyìnbó tó jọ sùn nínú àgọ́ kan.

Lẹ́yìn tí a sin ín, a fẹ́ gba òkúta ojú oórì tí ìjọba ń fún ẹni tó bá ṣe sójà. Àmọ́ omi ti ba ìwé iṣẹ́ sójà inú àpótí rẹ̀, tí à bá fi gbà á, jẹ́. A kọ̀wé sí St. Louis tí wọ́n ń kó irú ìwé bẹ́ẹ̀ sí, wọ́n ní iná oṣù Keje 1973 ti jó o, pẹ̀lú ìwé mílíọ̀nù 16 sí 18. Ìyàwó mi sunkún bí ẹni tí bàbá rẹ̀ tún ṣẹ̀ṣẹ̀ kú.

Ìyá àgbà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ló là wá lójú: ọ̀pọ̀ sójà ayé ìgbà yẹn, bí wọ́n bá ti dé, á mú ìwé wọn lọ sí kóòtù agbègbè wọn kí wọ́n dà á kọ síbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá ti bàbá yín, ẹ dákun, ẹ débẹ̀ wò. Ibẹ̀ la ti rí ti Bàbá: awakọ̀, Faransé, Kòríà, sájẹ́ǹtì. Kò sọ fún wa rí pé òun di sájẹ́ǹtì. Ó ti wà lójú òkúta rẹ̀ báyìí.