Másáàjì Thai àbí ti Ṣáínà fún ẹ̀yìn ríro?

Akin: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Bangkok ni mo wà, ẹ̀yìn ń ro mí látìgbà tí mo ti sọ̀ kalẹ̀ nínú bàálù. Èwo ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì: Lọ sí Wat Pho, ọmọ mi. Tẹ́ńpìlì ni, ilé-ẹ̀kọ́ másáàjì wà níbẹ̀. Wọn ò fi òróró ra mí, wọn ò bọ́ mi níhòòhò (ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù tẹ́lẹ̀!). Ṣòkòtò gbọ̀rọ̀ ni wọ́n fún mi, mo dùbúlẹ̀ sílẹ̀. Obìnrin kúkurú kan fi ìgbọ̀nwọ́ àti orúnkún tẹ̀ mí, ó fà mí lẹ́sẹ̀ bí ẹni ń fún aṣọ. Mo ké "Yéè!", ó ń rẹ́rìn-ín. Àmọ́ oorun alẹ́ ọjọ́ náà! Lọ́dún 2019 ni UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí àṣà, fi másáàjì Thai sínú àkójọ àṣà wọn.

Bọ̀dé: Tuina ni wọ́n ń pe másáàjì ti Ṣáínà, wọ́n máa ń fi ọwọ́ tẹ ara yípo dáadáa níbẹ̀. Bí wọ́n bá fi ife fa awọ ẹ̀yìn rẹ sókè, àpá róbótó á wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan.

Akin: Ẹ ṣé mà. Ṣé ó máa ń dun èèyàn gan-an ni?

Ìyá Ìbejì: "Bao bao" ni kí o sọ, "jẹ́jẹ́" nìyẹn lédè Thai. Ẹni tó ń tẹ̀ ọ́ á rọra.