Mentor: Olùtọ́nisọ́nà ni àbí Alábàárò?

Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé láná ní ká máa pe mentor, ìyẹn àgbà tó ń tọ́ ẹni sọ́nà lẹ́nu iṣẹ́, ní "olùtọ́nisọ́nà", ká sì máa pe ìwà àìfi-nǹkan-pamọ́ tó yẹ kó wà láàárín òun àti ẹni tó ń tọ́ ní "ìwà ojúlówó". Ẹ ṣé, sà, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ méjèèjì.

Góòlù là ń pè ní ojúlówó. Bí a bá sì sọ ọ́ mọ́ èèyàn, orírun rẹ̀ là ń wí. Ojúlówó ọmọ Ọ̀yọ́ lè máa tan ẹni tó ń tọ́ jẹ. "Àìlábòsí" ló bá a mu, torí ìṣe ni àbòsí.

Àwa tá à ń ṣiṣẹ́ ìjọba l'Ábùjá mọ̀ ọ́n. Agùnbánirọ̀ á bi ọ̀gá pé báwo ni wọ́n ṣe ríṣẹ́, ọ̀gá á ní iṣẹ́ àṣekára ni. Kò ní dárúkọ ẹni tó mú un wọlé. Ọmọ yẹn á máa kọ lẹ́tà káàkiri, á sì máa rò pé òun ni òun ò gbọ́n tó. Ìkà ni mo ka ìyẹn sí. Àwọn kan ní ìkúnlẹ̀ kíni wa náà jẹ́ àbòsí. Rárá o! Ìkúnlẹ̀ kò bo nǹkan kan mọ́lẹ̀. Kéèyàn ní "ó ti yé mi, mà" nígbà tí kò yé e, òun ló ń bo nǹkan.

Lóòótọ́, nínú ewì Homer, akéwì Gíríìkì àtijọ́, Athena, òrìṣà àwọn Gíríìkì, ló gbé àwọ̀ Mentor, àgbà tí a ti rí ọ̀rọ̀ "mentor" yìí, wọ̀ láti gba ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Telemachus, nímọ̀ràn. Òrìṣà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Èèyàn tó bá para dà, ohun tójú rẹ̀ ti rí ló ń fi pamọ́, ohun tí ọmọ sì nílò gan-an nìyẹn.

Lọ́dún 1985, Kathy Kram, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, pín iṣẹ́ mentor sí ọ̀nà méjì: ríràn ẹni lọ́wọ́ lẹ́nu iṣẹ́, àti dídúró ti ọkàn ẹni, bí ìmọ̀ràn àti ọ̀rẹ́. "Olùtọ́nisọ́nà" kò dé ìdajì kejì yìí. Ohun tí mo dábàá ni "alábàárò àgbà", torí bíbá ara ẹni rò ló wà nínú rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè bá ẹni tó ń fi nǹkan pa mọ́ rò ó dópin.

Ní ti ẹni tí wọ́n ń tọ́, ẹ jọ̀ọ́, kó má jẹ́ "ọmọ ẹ̀yìn", torí ọmọ ẹ̀yìn kì í sábà já ọ̀gá rẹ̀ ní koro. "Àbúrò" là ń pè é ní ọ́fíìsì níbí, mi ò sì rí ohun tó ṣe é.