Pọ́ńpù afẹ́fẹ́ tó ń dákẹ́ lójijì: ẹ wo fáàfù rẹ̀ ná

Ọmọ Elépo (Manchester):
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Mo ra pọ́ńpù alòkù kan tó ń fi afẹ́fẹ́ ṣiṣẹ́, mo fi ránṣẹ́ sílé l'Óṣogbo, kí wọ́n máa fi fa epo pupa látinú dúróòmù sínú kẹ́ẹ̀gì. Torí pé kò nílò iná NEPA ni mo ṣe rà á. Kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ bíi ti àwọn tó ń fẹ́ táyà ni wọ́n so mọ́ ọn. Á ṣiṣẹ́ dáadáa fúngbà díẹ̀, á wá dákẹ́. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀. Mẹkáníìkì ti fẹ́ tú gbogbo ẹ̀ palẹ̀.

Bàbá Ìbejì (Jámánì):
Ẹ ní kó gbé sípánà sílẹ̀ ná. Ilé iṣẹ́ ọ̀dà ni mo wà níbí, irú pọ́ńpù yìí ni mò ń tọ́jú lójoojúmọ́.

Rọ́bà pẹlẹbẹ méjì ló wà nínú ẹ̀, lọ́tùn-ún lósì, ọ̀pá kan ló so wọ́n pọ̀. Ẹ rántí àwọn méjì tó ń fa ayùn lórí gẹdú: bí ọ̀kan bá ń lọ, èkejì ń bọ̀. Afẹ́fẹ́ á ti rọ́bà ọ̀tún, ìyẹn á ti epo jáde; ọ̀pá á máa fa ti òsì wọlé, ìyẹn náà á máa fa epo mìíràn látinú dúróòmù. Bọ́ọ̀lù mẹ́rin ló ń dí ọ̀nà kí epo má padà sẹ́yìn.

Ta ló wá ń sọ fún afẹ́fẹ́ pé ó tó, kó kọjá sódìkejì? Fáàfù ni. Nínú ọ̀pọ̀ irú pọ́ńpù yìí, méjì ni: kékeré àti ńlá. Bí rọ́bà bá rìn dé òpin, á ti orí fáàfù kékeré. Afẹ́fẹ́ tín-ń-tín lèyí máa rán sí ìdí fáàfù ńlá, kìkì láti ti irin inú ẹ̀ sún sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ìgbà yẹn ni afẹ́fẹ́ gidi máa yà sí rọ́bà òsì, èyí tó ti ṣiṣẹ́ tán lọ́tùn-ún á sì fọ́n jáde lẹ́nu sàlẹ́ńsà. Bí irin yẹn bá há sáàárín, gbogbo ẹ̀ dúró nìyẹn.

Yìnyín ni mo fura sí. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n fún mọ́ra máa ń tutù gan-an bó bá ṣe ń tú jáde, omi inú ẹ̀ á sì dì, á dí ọ̀nà afẹ́fẹ́; bó bá yọ́, pọ́ńpù á tún bẹ̀rẹ̀. Oòrùn Òṣogbo ò ní kó má ṣẹlẹ̀; lásìkò òjò, tí afẹ́fẹ́ kún fún omi, ó tún ń le sí i ni. Bó bá dákẹ́, ẹ fọwọ́ kan sàlẹ́ńsà.

Ará Òkè-Fìà (Òṣogbo):
Ẹ̀gbọ́n, èmi ni mo wà nídìí ẹ̀. Mo fọwọ́ kàn án, ó tutù nini, nǹkan funfun ti bo ẹnu ihò ẹ̀. Mo ṣí ìdí táǹkì kọ̀ńpúrẹ́sọ̀, omi onípàǹtí pupa ló ń tú jáde.

Bàbá Ìbejì (Jámánì):
Àbúrò, ìpẹtà nìyẹn, inú fáàfù ló ń lọ. Máa da omi táǹkì yẹn nù láràárọ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kẹ́ ẹ sì fi fílítà tó ń gba omi síwájú pọ́ńpù. Ẹ dín agbára afẹ́fẹ́ kù. Bíi 2 sí 3 bar (ìwọ̀n agbára afẹ́fẹ́ tí géèjì ń kà) ti tó láti rọ epo sí kẹ́ẹ̀gì. Pa afẹ́fẹ́, jẹ́ kí èyí tó kù nínú hóòsì jáde tán, kó o tó tú fáàfù ńlá nìkan, kó o nù ún, kó o wo sílì ẹ̀, rọ́bà tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ jò, bóyá ó ti ya. Sílì tó ti jẹ ló ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ máa jò lẹ́nu sàlẹ́ńsà láìdáwọ́ dúró. Àmọ́ bó bá jẹ́ epo lo rí níbẹ̀, rọ́bà ti bẹ́, dá a dúró lójú ẹsẹ̀.

Bẹ́ ẹ bá ti ẹnu ibi tí epo ń gbà jáde, á dákẹ́. Ìyẹn kì í ṣe àìsàn: agbára epo àti ti afẹ́fẹ́ ló dọ́gba. Ẹ ṣí i, á máa bá iṣẹ́ lọ.

Rọ́bà wo ló wà nínú ẹ̀ gan-an? Ka ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀.

Ará Òkè-Fìà (Òṣogbo):
EPDM ni mo rí.

Bàbá Ìbejì (Jámánì):
Ẹ má fa epo mọ́. EPDM máa ń wú bí epo bá kàn án. Nitrile (rọ́bà) tàbí PTFE (ike), tí epo kì í bà jẹ́, ni kẹ́ ẹ fi pààrọ̀ ẹ̀, àti bọ́ọ̀lù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bó bá jẹ́ EPDM làwọn náà. Ya fọ́tò àwo pẹlẹbẹ tí wọ́n kọ orúkọ àti nọ́ńbà pọ́ńpù yẹn sí, kó o fi ránṣẹ́ sí Ọmọ Elépo ní Manchester, kó lè fi nọ́ńbà ẹ̀ ra èyí tó bá a mu.