Nọ́ńbà ọkọ̀ tó ń jẹ́ orúkọ Bàbá mi: ẹ wá sọ ohun tójú tiyín náà rí

Àbẹ̀kẹ́, Woolwich

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi. Ọ̀rọ̀ nọ́ńbà àdáni ọkọ̀ ni mo fẹ́ ká jọ sọ, èyí tí gbogbo wa ń pè ní private plate níbí. Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú wa ló ti rà á tàbí tó ti tà á. Tèmi rèé.

Ọdún 2016 ni Bàbá mi papò dà. Ayọ̀ ni orúkọ wọn. Nígbà tí a pín ẹrù wọn n'Ibàdàn, ohun tó kàn mí ò ju fìlà kan àti aago ọwọ́ tí kò ṣiṣẹ́ mọ́ lọ, torí èmi ni mo jìnnà. Lọ́jọ́ kan mo ń darí bọ̀ láti iṣẹ́ alẹ́ ní ọsibítù, mo rí ọkọ̀ kan níwájú mi tí orúkọ obìnrin hàn kedere lára nọ́ńbà rẹ̀. Mo délé, n kò tíì bọ́ bàtà tí mo ti wọ orí ìkànnì DVLA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó nọ́ńbà ọkọ̀ níbí, mo tẹ AYO. Nígbà tó yá mo rí ọ̀kan tí lẹ́tà iwájú rẹ̀ bá orúkọ ìdílé wa mu, tí AYO sì wà lẹ́yìn. £499 ni, owó orí VAT àti £80 tí wọ́n ń gbà láti fi nọ́ńbà sára ọkọ̀ ti wà nínú rẹ̀. Mo sunkún kí n tó sanwó, mo tún sun ún lẹ́yìn tí mo san án.

Wọ́n fi ìwé kan ránṣẹ́, V750 ni wọ́n ń pè é. Ọdún 10 ló fi ń ṣiṣẹ́. Mo fi nọ́ńbà náà sára ọkọ̀ mi lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo sọ fún àwọn ìnṣọ́ránsì mi, mo sì rò pé ó parí.

Ní 2022, ọkọ̀ ẹrù kan gbá mi lẹ́yìn lójú ọ̀nà A2. Orí kó mi yọ. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ti run, àwọn ìnṣọ́ránsì ní àwọn ò ní tún un ṣe, àwọn á san owó rẹ̀ fún mi. Ẹni tó pè mí sọ pé ọkọ̀ agbọ́kọ̀ á wá gbé e láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Kò dárúkọ nọ́ńbà rárá. Èmi náà ò rántí, ọrùn ló ń dùn mí. Alàgbà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ló pè láti kí mi ní alẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, kú ewu o, ọmọ mi. Nọ́ńbà Bàbá ẹ ńkọ́? Ṣé o ti yọ ọ́?"

Ara mi bù máṣọ. Àwọn ló là mí lóye pé ẹ̀tọ́ láti lò ó nìkan ni wọ́n tà fún mi, àti pé níwọ̀n ìgbà tó bá wà lára ọkọ̀, ọkọ̀ ló ń bá lọ. Bí ọkọ̀ bá ti kúrò lọ́wọ́ mi, tí ìwé rẹ̀ sì ti yí padà, orúkọ Bàbá mi di ti ẹlòmíràn nìyẹn. Alẹ́ ọjọ́ yẹn náà ni mo jókòó ti kọ̀ǹpútà, mo mú ìwé ọkọ̀ V5C dání, mo san £80, mo yọ nọ́ńbà náà sílẹ̀. Ọkọ̀ gba nọ́ńbà àtijọ́ rẹ̀ padà. Mo pe àwọn ìnṣọ́ránsì láàárọ̀ kùtù kí wọ́n tó gbé e, mo sọ fún wọn. Ìwé V778 tó dé lẹ́yìn náà ló fi hàn pé èmi ni mo ṣì ni ẹ̀tọ́ sí i.

Ó ń dùn mí pé kò sẹ́ni tó kìlọ̀ fún mi nínú gbogbo àwọn tí mo bá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Ká ní alàgbà ò pè ńkọ́? Ẹ̀yin ńkọ́, kí lojú yín rí?


Ọmọ Òṣómàáló, Leeds

Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, ẹ kú ewu, a ò ní rí irú ẹ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ kí n mú apá ti owó, torí ìyẹn ni mo mọ̀.

Mo ra nọ́ńbà kan tó parí sí OLA ní 2015, £450. Ní 2021 mo fẹ́ tà á. Mo bi alágbàtà mẹ́ta léèrè iye tó lè pa. Ọ̀kan ní £2,800, èkejì ní £1,500, ẹ̀kẹta ní £900. Nọ́ńbà kan náà, ọ̀sẹ̀ kan náà. Mo gbé e fún ẹni tó pe £2,800, bí gbogbo wa ṣe máa ṣe. Oṣù mẹ́rìnlá gbáko ló fi wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò bèèrè rẹ̀. Ìgbà yẹn ló yé mi pé iye tí wọ́n pe ọjà kọ́ ni iye tí wọ́n tà á, àti pé alágbàtà lè pe iye ńlá kí ojú rẹ lè wọ ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí mo já a wálẹ̀ sí £1,300, obìnrin kan pè mí, a ná an dé £1,150. Ọmọ Poland ni. Aleksandra ló ń jẹ́, Ola ni wọ́n sì ń pè é nílé wọn!

Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ohun tó ń gbé iye orúkọ Yorùbá lọ sókè nínú ọjà yìí: kí ẹni tí kì í ṣe Yorùbá náà lè lò ó. OLA ní àwọn ọmọ Poland. ADE ní àwọn Òyìnbó tó ń jẹ́ Adrian, torí Ade ni wọ́n ń gé e sí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní èyí tó ka TOLU dáadáa, ó lè ṣọ̀wọ́n bí ojú ẹja, kó má sì sí ju ènìyàn mẹ́ta lọ tó ń wá a. Ẹni tó ń wá a ló ń fún un níye lórí. Ẹ tún wo lẹ́tà I. Láti 2001 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ irú nọ́ńbà tó wà lóde báyìí, wọn kì í fi I àti Q sí i, nítorí náà ẹni tó ń jẹ́ Kẹ́mi, Títí tàbí Bísí, 1 ló máa fi dípò rẹ̀. Ó ń kà dáadáa lójú tiwa, ṣùgbọ́n ó ń já owó rẹ̀ lulẹ̀ díẹ̀.

Àwọn tó ń pa owó gọbọi jù ni àwọn kúkúrú àtijọ́, tí kò ní àmì tó ń sọ ọdún ọkọ̀ nínú. F 1, tó ti wà lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ Essex láti 1904, £440,625 ni wọ́n tà á ní 2008. Ní 2014, DVLA ta 25 O ní gbàǹjo, gbogbo ìnáwó rẹ̀ sì jẹ́ £518,000, torí oníṣòwò Ferrari ló rà á, ó fẹ́ kó ka 250 lára Ferrari 250. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ kan náà ni pẹ̀lú obìnrin Poland mi: ẹnì kan ṣoṣo ló rí ohun tí kò hàn sí ẹlòmíràn.

Bí ẹ bá máa lọ sí gbàǹjo DVLA, ẹ ṣírò kí ẹ tó na ọwọ́. Bí wọ́n bá tà á fún yín ní £1,000, VAT orí rẹ̀ £200, owó gbàǹjo 8% jẹ́ £80, VAT orí ìyẹn náà £16, kí ẹ tún wá fi £80 ti fífi nọ́ńbà sára ọkọ̀ kún un. £1,376 ló di yẹn. Mo rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ní £1,000 géérégé lọ́wọ́, tó sì ń na ọwọ́ títí dé ibẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí.


Ìyá Ìbejì, Peckham

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ rà lọ́wọ́ ènìyàn kan, ẹ dákun ẹ gbọ́ tèmi.

Ọkùnrin kan ló ní òun ní nọ́ńbà orúkọ ọmọ mi. Ó fi àwòrán ìwé V778 ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ìwé náà dára, gbogbo rẹ̀ pé. Mo fi £650 ránṣẹ́ láti báńkì. Ó ní òun á fi ìwé náà sí póòsìtì lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Mọ́ńdè kọjá, Túsìdeè kọjá, fóònù ò lọ mọ́. Àbúrò ọkọ mi ló wá tẹ nọ́ńbà náà sí ibi tí ìjọba ti ń jẹ́ kéèyàn wo ọkọ̀, ibẹ̀ la ti rí i pé ó ti wà lára ọkọ̀ aláwọ̀ búlúù kan tipẹ́. Ìwé tó ti lò tán ló ya fọ́tò rẹ̀ fún mi. Ọ̀fẹ́ ni wíwò yẹn, ìṣẹ́jú kan ni. N kò rí owó náà gbà padà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń tà, ẹ má ya ìwé yín sórí íntánẹ́ẹ̀tì láìbo nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó wà lára rẹ̀. Ẹni tó bá rí ìyẹn lè gbìyànjú láti fi nọ́ńbà yín sára ọkọ̀ tirẹ̀.


Bàbá Tómi, Dagenham

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Takisí ni mo ń wà, mi ò ní pẹ́.

Mo ní kí wọ́n tẹ pléètì mi kí lẹ́tà sún mọ́ra, kí orúkọ mi lè jáde gedegbe. Ọlọ́pàá dá mi dúró, ó fi ohun èlò wọ̀n ọ́n lójú mi. 11 mm ló yẹ kó wà láàárín lẹ́tà sí lẹ́tà, 33 mm láàárín ìdìpọ̀ lẹ́tà kìn-ín-ní àti èkejì. £100 ni mo san lọ́jọ́ náà. Ó lè tó £1,000 bó bá dé kóòtù, ọkọ̀ lè má yege àyẹ̀wò ọdọọdún tí wọ́n ń pè ní MOT, wọ́n sì lè gba nọ́ńbà náà padà pátápátá. Mo tú u, mo ṣe òmíràn. Orúkọ mi ṣì ń kà á, ó kàn fi àyè sílẹ̀ díẹ̀ ni.

Èkejì: mo yí nọ́ńbà padà, mi ò yí i padà nínú àkáǹtì Dart Charge mi. Mo ń gba afárá Dartford kọjá lójoojúmọ́, mo rò pé owó ń yọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni lẹ́tà owó ìtanràn bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọlé. Bí ẹ bá ti yí nọ́ńbà, ìnṣọ́ránsì, Dartford, owó ojú ọ̀nà àárín Lọ́ńdọ̀nù, ibi ìgbọ́kọ̀sí tí ẹ ti gba ìwé, ẹ lọ yí gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà.


Ọmọ Èkó, Surulere

Ẹ̀yin ará òkè òkun, ó yà mí lẹ́nu pé ẹ ń tà á fún ara yín bí ẹní ń ta ilẹ̀. Lọ́dọ̀ wa níbí, FRSC, àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, ló ń ṣe é, ₦80,000 ni ẹni tó bá fẹ́ orúkọ ń san tẹ́lẹ̀ kó tó di ₦200,000 ní 2021. Nọ́ńbà lásán, ìjọba ìbílẹ̀ ni lẹ́tà iwájú rẹ̀ ń tọ́ka sí, bíi KJA ti Ìkẹjà. Bùrọ̀dá mi ní èyí tí wọ́n kọ orúkọ oyè rẹ̀ sí. N kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni ná an lọ́wọ́ rẹ̀.

Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, ìbéèrè kan: nọ́ńbà yẹn dà báyìí?


Àbẹ̀kẹ́, Woolwich

Ọmọ Èkó, o ṣeun tó o bèèrè. Ẹ̀yin tó kù náà, mo dúpẹ́. Ìyá Ìbejì, ọ̀rọ̀ yín dùn mí wọra.

Ọdún kan àtààbọ̀ ni ìwé V778 náà fi wà nínú Bíbélì mi kí n tó rí owó ra ọkọ̀ míràn, Toyota àlòkù. Wọn kì í jẹ́ kí nọ́ńbà mú ọkọ̀ dà bíi pé ó kéré lọ́jọ́ orí ju bó ṣe rí lọ, àmọ́ lẹ́tà iwájú tèmi, tó ń sọ ọdún, ti pẹ́ ju ọkọ̀ náà lọ, kò sí wàhálà. Mo lọ sọ́dọ̀ atẹ-pléètì tó forúkọ sílẹ̀, ó wo ìwé ìdánimọ̀ mi àti ìwé nọ́ńbà kó tó tẹ̀ ẹ́.

Màmá mi wá kí wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Mo mú wọn jáde láti wo ọkọ̀, n kò sọ ohunkóhun. Wọ́n wọ jígí ojú wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi ìka tẹ lẹ́tà náà níkọ̀ọ̀kan. "A," wọ́n ní. "Y." Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "O." Wọn ò pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Ogójì ọdún ó lé ni wọ́n fi bá Bàbá mi gbé, n kò gbọ́ orúkọ ọkọ wọn lẹ́nu wọn rí.